ỌBA TÓ WÁ ẸNI TÍ YÓÒ MÁA DÁ A LẸ́KUN: ÌGBÉSÍ AYÉ ASKIA MUHAMMAD TI SONGHAI

Bismillahi Rahmani Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Allah, Ọba tí kò ní ìgbákejì, Ọba tó ń fi ẹni tó wù ú sórí oyè, tó sì ń mú ẹni tó wù ú kúrò níbẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ nípa ọba kan ni. Ẹnì kan lè bi wá pé, “Àlùfáà, inú oṣù ààwẹ̀ la wà, kí ni ti ìtàn ọba?” Ìdáhùn wa ni pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ti kọ́ wa pé darandaran ni olúkúlùkù wa, a ó sì bi olúkúlùkù léèrè agbo tí a fi sí i lọ́wọ́. Ọba ní agbo tirẹ̀, baálé ní tirẹ̀, ìyálé ní tirẹ̀, lẹ́mọ́mù náà ní tirẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọba, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó tẹtẹrẹ kó ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ó kan gbogbo wa.

Ọba náà ni Askia Muhammad, ọmọ Abu Bakr, ẹni tó jẹ ọba ilẹ̀ Songhai láti ọdún 1493 títí di nǹkan bí ọdún 1528. Kò jìnnà sí wa bí ẹ ṣe rò. Odò Ọya tí ẹ ń rí ní Jẹ́bà, etí rẹ̀ náà ni Gao wà, ìlú tí Askia fi ṣe olú ìlú rẹ̀, lókè lọ́hùn-ún ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Mali lónìí. Àwọn baba wa pe ẹ̀sìn yìí ní ẹ̀sìn Ìmàle. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti ara orúkọ Mali ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí pé ọwọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà ìhà ibẹ̀ ni ẹ̀sìn gbà kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọba Mali ló kọ́kọ́ lágbára lórí ilẹ̀ náà. Nígbà tí agbára Mali rọ̀, Songhai ló gba ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọba tó sọ Songhai di ńlá ni Sonni Ali, tó jọba láti 1464 títí di 1492. Jagunjagun gidi ni. Ní ọdún 1468 ó gba Timbuktu, ìlú àwọn onímọ̀. Mùsùlùmí ló pe ara rẹ̀, ó ń gba ààwẹ̀, ó sì ń ṣe sàárà, ṣùgbọ́n kò fi ìbọ àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀. Ó pa nínú àwọn àlùfáà Timbuktu, ó sì lé àwọn mìíràn kúrò nílùú. Muhammad tí à ń sọ yìí, ọ̀kan nínú àwọn balógun Sonni Ali ni.

Nígbà tí Sonni Ali kú ní 1492, wọ́n fi ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Sonni Baru jọba. Muhammad ránṣẹ́ sí i pé kó jáde kó sọ pé Mùsùlùmí lòun. Baru kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ogun, wọ́n sì pàdé ní Anfao ní oṣù kẹrin ọdún 1493. Muhammad ló ṣẹ́gun, ó sì gorí oyè. Ìtàn tí as-Sa'di, àlùfáà Timbuktu, kọ sílẹ̀ sọ pé nígbà tí ìròyìn náà dé etí àwọn ọmọbìnrin Sonni Ali, wọ́n kígbe ní èdè wọn pé “Askia”, ìyẹn ni pé kò ní í rí i jẹ. Ọba tuntun náà ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kí wọ́n máa fi pe òun. Ọ̀rọ̀ èébú di orúkọ oyè, gbogbo ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ló sì ń jẹ́ Askia.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ fi ibí yìí sọ́kàn: ogun ló fi gba oyè. A ó padà síbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tó jọba, ní 1496, ó dìde, ó ní òun ń lọ sí Háájì. Ẹ wo ìgboyà! Ọba tí orí oyè rẹ̀ kò tíì gbóná, ó fi ilé sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Àbúrò rẹ̀, Umar, ló fi ilẹ̀ sí lọ́wọ́, ìyẹn kò sì dà á. Ẹlẹ́ṣin 500 àti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn 1,000 ló bá a lọ, owó wúrà tó kó dání sì jẹ́ 300,000. Àwọn òǹkọ̀wé Timbuktu ṣírò bó ṣe ná an fún wa: ìdá kan nínú mẹ́ta ló fi ṣe sàárà ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, ìdá kan ló fi bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀, ìdá kẹta ló fi ra ẹrù. Ó ra ọgbà kan ní Mẹ̀dínà, ó sì fi í sílẹ̀ ní wàkáfù, kí àwọn aláwọ̀ dúdú tó bá ti ìhà ọ̀dọ̀ wa wá ṣe Háájì lè rí ibi gbé orí lé. Ó dé Kairo, ó jókòó lọ́dọ̀ àlùfáà ńlá nì, as-Suyuti, ó ń bi í léèrè bí a ṣe ń ṣe ìjọba. Wọ́n fi í ṣe kàlífà lórí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, wọ́n wé láwàní fún un, wọ́n sì fún un ní idà. Ní 1498 ló padà wọlé.

Ọ̀pọ̀ wa mọ Mansa Musa ti Mali, tó ti lọ sí Háájì ní 1324, ẹni tí gbogbo ayé ń sọ ìtàn wúrà rẹ̀. Wúrà Askia kò pọ̀ tó ti Mansa Musa. Ohun tó mú wa yan Askia lónìí ni pé, lẹ́yìn tó ti Mẹ́kà dé, ìbéèrè ló ń bi kiri.

Ní nǹkan bí ọdún 1498, àlùfáà kan láti Tlemcen ní ilẹ̀ Lárúbáwá dé Gao. Al-Maghili ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ dé Kánò, ó sì ti kọ ìwé fún Sarkin Kánò Muhammad Rumfa lórí bí ó ṣe yẹ kí ọba máa ṣe. Nígbà tó dé Gao, Askia kó ìbéèrè méje síwájú rẹ̀. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú wọn. Ó béèrè nípa àwọn tó ń pe ara wọn ní àlùfáà, tí wọn kò gbọ́ Lárúbáwá dáadáa, síbẹ̀ tí wọ́n ń dá ẹjọ́ fún àwọn èèyàn. Ó béèrè nípa ẹrù àti dúkìá tí ọba tó wà ṣáájú òun fi ipá gbà. Ó béèrè nípa owó orí. Ó béèrè nípa ogún, nítorí pé àwọn kan ń fi ogún fún ọmọ arábìnrin òkú dípò ọmọ tó bí. Ó béèrè nípa àwọn tó ń yanrìn láti wo ọjọ́ iwájú, àti nípa àwọn tó ń rẹ́ni jẹ lórí òṣùwọ̀n lọ́jà. Àbí ẹ ò rí i? Ó lé ní 500 ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kó àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wá síwájú wa ní ìrọ̀lẹ́ òní, kò sí ọ̀kan tí ó ti gbó níbẹ̀.

Al-Maghili dáhùn gbogbo rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà ò kú. Nígbà tí Shehu Usmanu dan Fodio dìde ní ilẹ̀ Haúsá, tí ó ń kọ ìwé tirẹ̀, ó tọ́ka sí ìdáhùn al-Maghili sí Askia. Ọwọ́ ìjọba Shehu náà ló sì na dé Ìlọrin, Ìlọrin sì na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Nítorí náà, ìbéèrè tí ọba kan bi àlùfáà létí Odò Ọya ti rìn jìnnà, ó ti dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí a fẹ́ràn jù nípa ọba yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwé. Inú ìtàn tí a ń pè ní Tarikh al-Fattash ló wà. Askia fi Mahmud, ọmọ Umar, ti ìdílé Aqit, ṣe kádì Timbuktu ní ọdún 1498. Ìgbà kan wá dé tí Askia ń rán àwọn ìránṣẹ́ sí Timbuktu láti ṣe iṣẹ́ ọba, kádì náà sì ń lé wọn padà. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Inú bí ọba. Ó gbéra, ó lọ bá kádì fúnra rẹ̀. Ó bi í léèrè pé ṣé kò sí ọba tó ti jẹ lórí Timbuktu rí ni, ṣé àwọn tó ti jẹ ṣáájú kò rán iṣẹ́ tí wọ́n sì jẹ́ ẹ ni. Kádì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọba ní, kí ló wá dé tí kádì ń lé ìránṣẹ́ òun?

Kádì Mahmud kò bẹ̀rù. Ó ní ṣé ọba ti gbàgbé ọjọ́ tó wá bá òun nínú ilé òun ni, tó di òun lẹ́sẹ̀ àti láṣọ mú, tó ní òun wá sá sábẹ́ òun kádì, kí òun lè dúró láàárín rẹ̀ àti iná ọ̀run, kí òun dì í mú kó má baà ṣubú sínú rẹ̀? Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi lé ìránṣẹ́ rẹ̀. Askia dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi Ọlọ́run búra pé lóòótọ́ lòun ti gbàgbé, pé kádì ti ran òun létí, ohun tó ṣe sì dára. Ó gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un, ó fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mahmud wà lórí ipò kádì náà títí ó fi kú ní 1548, ọba ti kú ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí a bá ní ká sọ òótọ́, níbí ni títóbi Askia wà. Gbogbo ọba ló ń ní ẹmẹ̀wà, gbogbo ọba ló ń ní akígbe tó ń kì í. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ọba tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wá ẹni tí yóò máa dá a lẹ́kun, tí ìyẹn sì dá a lẹ́kun lóòótọ́, tí kò pa á, tí kò sì yọ ọ́ nípò.

Nítorí ìwà bẹ́ẹ̀ ni ìlú fi tòrò. Àwọn àlùfáà tí Sonni Ali lé padà wọ Timbuktu. Nígbà tí arìnrìn-àjò nì, Hassan al-Wazzan, dé ibẹ̀ láyé Askia, ó rí i pé àwọn ìwé tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè ń mówó wọlé ju ọjà yòówù lọ. Ẹ gbọ́ o: ìwé! Ó ju aṣọ, ó ju iyọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí apá tí ó korò.

Askia darúgbó. Ojú rẹ̀ fọ́. Ẹnì kan tó sún mọ́ ọn, Ali Fulan, ló ń bá a bò ó mọ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fi mọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń jowú ara wọn. Ìlànà tó dúró ṣinṣin lórí ẹni tí oyè kàn kò sí ní Songhai. Ẹni tí apá rẹ̀ bá le ló ń jẹ ẹ́. Àbúrò rẹ̀ olóòótọ́ nì, Umar, ti kú ní 1519. Èyí tó gba ipò Umar, àwọn ọmọ ọba pa á. Nígbà tó wá di ọjọ́ Iléyá kan, nǹkan bí ọdún 1528, gbogbo ìlú ti tò sí Yídì, Musa ọmọ rẹ̀ àgbà dìde kí wọ́n tó kírun. Ó búra pé ẹnikẹ́ni kò ní í kírun níbẹ̀ àfi bí òun bá di ọba. Bàbá afọ́jú fi oyè sílẹ̀ fún un. Lórí ilẹ̀ Yídì, ní ọjọ́ Iléyá!

Musa náà kò pẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n pa á ní 1531. Ọmọ Umar, Muhammad Benkan, ló jọba. Òun ló kó bàbá arúgbó náà lọ sí erékùṣù kan láàárín odò, Kangaga. Ìtàn sọ pé Ismail, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, lọ kí i níbẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ ra apá ọmọ náà, ó rí i pé apá alágbára ni, ó sì bi í léèrè bí ẹni tó ní irú apá báyìí ṣe lè fi òun sílẹ̀ kí ẹ̀fọn máa jẹ òun, kí ọ̀pọ̀lọ́ máa fò lé òun lórí. Ẹni tí wọ́n wé láwàní kàlífà fún ni ọ̀pọ̀lọ́ ń fò lé lórí o. Nígbà tí Ismail jọba ní 1537, ó gbé bàbá rẹ̀ padà sí Gao. Bàbá náà fi láwàní àti idà oyè lé e lọ́wọ́, ó sì kú ní 1538. Ibojì rẹ̀ wà ní Gao títí di òní, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga sókè bí òkìtì. Ní ọdún 2004 àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún tí gbogbo ayé ń dáàbò bò.

Kí ni a rí kọ́? Ọlọ́run Allah jẹ́ kó yé wa nínú Súrà Al Imran pé Òun ni Ó ni ìjọba, Òun ni Ó ń fi í fún ẹni tó wù Ú, Òun náà ni Ó sì ń gbà á. Èyí jẹ́ òtítọ́ ní ti Askia láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú rẹ̀. A ní kí ẹ fi í sọ́kàn pé ogun ló fi gba oyè lọ́wọ́ ọmọ ọba tó wà níbẹ̀. Al-Maghili dá a láre, ó ní ìjà tó bá Sonni Ali àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jà tọ̀nà. Ó dáa, ó ní ìdí. Àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kò kọ́ ìdí, ọ̀nà ni wọ́n kọ́. Wọ́n rí i pé apá tó le ló ń gba oyè, wọ́n sì na apá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ tiwa ṣe rí. Ìdí tí a fi ṣe nǹkan, inú wa ló wà; bí a ṣe ṣe é ni ojú wọn rí.

Ìjà ọmọ ìyá náà kò sì tán. Ní 1588 Songhai tún bá ara wọn jà lórí oyè. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Mòrókò kó ìbọn dé ní 1591, ilé tí wọ́n bá ti ní ẹ̀là. Wọ́n fọ́ ọ ní Tondibi. Wọ́n kó àwọn àlùfáà Timbuktu ní ìgbèkùn lọ sí Marrakesh, Ahmad Baba sì wà lára wọn, ẹni tó jẹ́ ará ìdílé Aqit kan náà pẹ̀lú Kádì Mahmud. Nígbà tí Ahmad Baba padà sílé, ó kọ ìwé kan ní 1615 lórí àwọn tí kò tọ́ láti sọ di ẹrú, inú ìwé náà sì wà lára ibi àkọ́kọ́ tí a ti rí orúkọ Yorùbá nínú àkọsílẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́, òun ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ wo Èsìẹ́ tó wà nítòsí wa. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, àwọn míì jókòó lórí àpótí bí ẹni tó wà lórí ìtẹ́. Ta ni wọ́n? Kí ni orúkọ wọn? Òkúta kò sọ. Gbogbo ọlá tí kò ju ìjókòó lọ, bí yóò ṣe rí nìyẹn. Ohun tí Askia fi lélẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ títí di òní, ìbéèrè tó bi àwọn onímọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bá ara wa sọ̀rọ̀ pọ́ńbélé. Ní àwọn ìlú wa, bí ọba bá wàjà, ìgbà mìíràn wà tí ilé ọlọ́mọọba méjì tàbí mẹ́ta yóò gbé ara wọn lọ sí kóòtù, tí ọdún yóò gorí ọdún, tí agbo ilé tó ti ń jẹun pọ̀ kò ní í kí ara wọn mọ́, kódà ní Yídì. Àwa àlùfáà ńkọ́? Ẹni tó ń du oyè gbé owó wá, a gbà á, a ṣe àdúà fún un; èkejì rẹ̀ gbé tirẹ̀ wá, a tún gbà á. Ta ni yóò wá dá wọn lẹ́kun? Ẹni tó ti jẹ ẹran ọba kò lè sọ fún ọba pé ẹran náà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Bí ọba bá di ẹsẹ̀ wa mú pé ká gba òun lọ́wọ́ iná, tí a sì ń ṣe àmín sí gbogbo ohun tó bá ṣe, a ti ta á nìyẹn.

Ẹ̀yin baálé, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ àti olórí ilé-iṣẹ́, nínú oṣù yìí tí ọkàn rọ̀, kí olúkúlùkù wá ẹnì kan, kó sọ fún un pé: “Bí ẹ bá rí i tí mo ń ṣìnà, ẹ sọ fún mi, n kò ní í bínú.” Bí ọjọ́ tó sọ ọ́ bá sì dé, kó má bínú lóòótọ́.

Ẹ tún ilé ṣe kí ojú tó fọ́. Ẹni tó ní ilẹ̀, ẹni tó ní ilé, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kó pe àwọn ọmọ jọ nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì ń dún. Kó kọ wàsíyà rẹ̀ sílẹ̀ bí súnà ṣe wí, kó pe ẹlẹ́rìí sí i. Ogún ti ní ìpín nínú Àlùkùránì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìpín tirẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí wa níbi tí a ti ń fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ nítorí àlàáfíà, nítorí pé ohun tí wọ́n bá rí ni wọn yóò ṣe.

Ọlọ́run Allah, gba ààwẹ̀ wa, gba ìrun wa, gba sàárà wa. Forí jin Askia Muhammad àti gbogbo ọba Mùsùlùmí tó ti lọ. Tún àwọn ọba wa ṣe, fún wọn ní olùdámọ̀ràn tó ń sọ òótọ́. Má fi ọmọ wa ṣe ìdánwò fún wa, má jẹ́ kí ìjà oyè àti ìjà ogún tú ilé wa ká. Jẹ́ ká rí òru Laylatul Qadr, jẹ́ ká ṣe ìtúnu nínú àlàáfíà, kí á sì ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín, àmín, àmín.